Ìbọn Tuntun Ọ̀gá Sarbuland Khan

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀ sórí ibùsùn olókùn yìí, tíì ń hó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ni ọ̀rọ̀ náà gùn, ó tóbi, irunmú rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ó ní láti fẹ̀gbẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Iwájú àgọ́ ọlọ́pàá Tor Kamar ni mo ti ń ta tíì láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú àgọ́ náà, kó tó dé etí ìyàwó ẹni tó ṣe é, á ti gba inú ife mi kọjá.

Ìbọn ni iṣẹ́ wa ní Tor Kamar. Bí àwọn ìlú mìíràn ṣe ń hun ẹní tí wọ́n ń mọ ìkòkò, bẹ́ẹ̀ làwa ń rọ ìbọn. Ìró òòlù àti ìró ayùn irin ló ń jí wa. Ìlú báyìí ni ìjọba ṣà, tí wọ́n rán Sarbuland Khan sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ọdún méjìlélógún ni Sarbuland Khan fi ṣe ọlọ́pàá ní Peshawar, olú ìlú agbègbè wa, oòrùn kò pa á lọ́jọ́ kan. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ló wà. Ibẹ̀ ló ti ń gba ipò, láti orí àga kan bọ́ sórí àga mìíràn, títí àga fi tán nínú yàrá náà, tó fi di dandan kí wọ́n wá àga fún un níbòmíràn. Bó ṣe di tiwa nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó dé, ó bá wa sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì àtààbọ̀ nínú oòrùn. Ó ní òun ni òkè tí ìjì ń fẹ́ lù tí ìjì fi ń fọ́. Ó ní àwọn olè tó wà lágbègbè wa ti gbọ́ orúkọ òun ṣáájú òun, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Nígbà tó kan orí ọ̀rọ̀ nípa baba ńlá rẹ̀, kọ́ńsítébù méjì dákú nítorí ooru. Sarbuland Khan ní agbára ọ̀rọ̀ òun ló gbé wọn ṣubú, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìgbóríyìn. Bí ẹnì kẹta ṣe gbọ́ ìyẹn, òun náà dákú.

Ẹni tó kọ orúkọ náà sílẹ̀ ni Múńṣì Janas, àkọ̀wé tó bá a wá láti Peshawar. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Janas, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe. Ó ń gbé ìgò òróró irunmú ọ̀gá kiri, ó sì ń kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu ọ̀gá jáde sínú ìwé kan tí etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Bí ọ̀gá bá sín, Janas á kọ ọ́ pé: “Ọ̀gá dá sí ọ̀rọ̀ náà.”

Kò pẹ́ tí Sarbuland Khan fi ní ìbọn àwọn ọlọ́pàá ti gbó, wọn kò yẹ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òun. Ó gba àṣẹ láti Peshawar, ó sì ránṣẹ́ sí Badam Gul kó rọ ìbọn ìléwọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, irú èyí tó máa ń ti ọta mìíràn wọlé fúnra rẹ̀ bí ó bá ti yìn tán. Ọgbọ̀n jẹ́ tàwọn ọlọ́pàá. Ẹyọ kan tó kù jẹ́ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi eegun ràkúnmí ṣe ìdí rẹ̀, kí wọ́n fín orúkọ òun, orúkọ bàbá òun àti ti baba ńlá òun sí i lára. Ìbọn kékeré ni. Nígbà tí wọ́n fín orúkọ dé ti baba ńlá, àyè tán, orúkọ náà sì yí wọ abẹ́.

Badam Gul ni àgbà gbogbo alágbẹ̀dẹ ìbọn wa. Àwa ọmọ ìlú ń pè é ní Kaka, bí a ti ń pe àbúrò bàbá ẹni. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi àádọ́ta ọta dán ìkọ̀ọ̀kan wò, ọta kan ṣoṣo kò há. Ó wá fi gíríìsì tó nípọn kùn wọ́n kí wọ́n má baà dógùn-ún. Lọ́jọ́ tó kó wọn lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sọ fún Janas pé kí wọ́n kọ́kọ́ nu gíríìsì náà kúrò, kí wọ́n kán epo díẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ yìn ín sì dì í mú dáadáa, nítorí ìbọn tuntun ṣì le lára bíi bàtà tuntun. Janas gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò kọ ọ̀kan sílẹ̀, nítorí ọ̀gá kọ́ ló sọ ọ́.

Wọ́n fi ọjọ́ kan sọrí fún ayẹyẹ. Gbogbo ìlú péjọ sí pápá ìyìnbọn tó wà lẹ́yìn àgọ́. Wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kan sórí ògiri, ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síbi tí ọ̀gá dúró sí. Sarbuland Khan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. (Mo fò ó fún yín, ẹ kò ṣẹ̀ mí tí mo fi máa fìyà yẹn jẹ yín.) Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ kan ṣoṣo síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fẹnu kò ó lọ́wọ́, ó sì yìn.

Ìbọn dún. Ìkòkò kò mira. Èèpo ọta tó yẹ kó fò dànù kò fò. Ó dúró ṣánṣán sí òkè ìbọn, ó há sẹ́nu ihò tó yẹ kó gbà jáde, bí ọ̀nà èéfín ààrò oníbúrẹ́dì. Sarbuland Khan tún fà á, kò dún. Ó mì ín, kò dún.

Janas ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Mo ní gbogbo wa, torí náà èmi náà wà níbẹ̀. Kọ́ńsítébù kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Ó fi ọ̀pá ti ìkòkò náà, ìkòkò já lulẹ̀, ó fọ́. A tún pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ni Sarbuland Khan ń lọ sí pápá, àràárọ̀ sì ni ìbọn náà ń há. Lọ́jọ́ kan, èèpo ọta á kọ̀ láti jáde. Lọ́jọ́ kejì, ọta tuntun á kọ̀ láti wọlé, á kọ́ imú rẹ̀ sókè lẹ́nu ọ̀nà bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò fẹ́ gun afárá. Janas ní ìdáhùn fún gbogbo rẹ̀. Ó ní ìbọn náà ń tijú ọ̀gá ni. Ó ní ó mọ ẹni tó mú un dání, kò sì jẹ́ yájú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Èyí dùn mọ́ Sarbuland Khan fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rí kọ́ńsítébù Nazdana, obìnrin kúkúrú kan tí kò sanra ju ọ̀pá àsíá lọ, tó ń fi ìbọn tirẹ̀ yìn gbà-gbà-gbà láìdúró, èèpo ọta sì ń fò lọ́tùn-ún rẹ̀ bíi gúgúrú. Inú ọ̀gá bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ mú Badam Gul wá.

Kaka wá pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ìborùn. Ó tú ìbọn náà sórí tábìlì ọ̀gá. Gíríìsì tí òun fúnra rẹ̀ kùn sí i ṣì wà níbẹ̀. Ó nù ún kúrò. Ó yẹ sípíríǹgì wò, ó dára. Ó yẹ ìkọ́ kékeré tó ń fa èèpo ọta jáde wò, ó mú. Ó fi ìka pa ẹnu ilé ọta, ó pa ọ̀nà tí ọta ń gùn wọ agbá, ó ń dán. Ó tò ó padà, ó jáde sí pápá, ó yin ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìkankan kò há. Ó wá bẹ Sarbuland Khan kó yìn ín níṣojú òun. Ọ̀gá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó há. Kaka kò wo ìbọn náà rárá. Apá ọ̀gá ló ń wò.

Wọ́n padà wọ ọ́fíìsì. Kaka fi aáṣà díẹ̀ sábẹ́ ètè, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wúwo.

“Sahib, ọ̀gá wa, ìbọn yìí kò lálèébù,” ló wí. “Bí ọta bá ti bú, irin òkè yìí á sá padà sẹ́yìn. Sísá tó sá yẹn ló fi ń ju èèpo dànù, bó sì ṣe ń padà bọ̀ níwájú ló ń ti ọta mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ohun tó dúró gbọin lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ tó mú un bá ń bá a sá lọ sẹ́yìn, agbára ti tán nìyẹn. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ fò láti orí ibùsùn tí okùn rẹ̀ ti dẹ̀.”

“Okùn ta ló dẹ̀?” ni Sarbuland Khan bi í.

“Ọrùn ọwọ́ yín ni, Sahib. Ẹ kàn dì í mú ṣinṣin.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé fáànù òkè àjà pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Sarbuland Khan dìde, irunmú rẹ̀ sì dìde tẹ̀ lé e.

“Ìwọ, Badam Gul,” ló wí fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀, “ọwọ́ tí o rí yìí, o rò pé ọwọ́ mi ni? Ọwọ́ ìjọba ni. Òun ló ń buwọ́ lùwé, òun ló ń gba sàlúùtù. Ẹni tó bá ní ọwọ́ ìjọba dẹ̀, ó ní ìjọba dẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sì ní ìjọba dẹ̀, ìjọba á fún un mọ́ra kó lè mọ̀ bóyá ó dẹ̀.”

Janas kọ ọ́ sílẹ̀ tán pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n mú Kaka lọ sí àtìmọ́lé, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ilẹ̀kùn àtìmọ́lé wa kì í tì dáadáa láti ìgbà pípẹ́. Kaka wò ó, kò lè fara dà á, ó yá irinṣẹ́, ó tún àgádágodo náà ṣe, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé bó ṣe yẹ kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé.

Sarbuland Khan wá dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún sílẹ̀ láti wádìí ìdí tí ìbọn náà fi ń há. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni Janas, ọ̀gá àwọn agbowó orí, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, dókítà ẹran ọ̀sìn, àti ìbátan ọ̀gá kan tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ti yìnbọn rí, èyí ni Sarbuland Khan sì fi mọ̀ pé wọn kò ní ṣe ojúsàájú.

Ìgbà méje ni wọ́n jókòó. Èmi ni mo gbé tíì fún wọn lẹ́ẹ̀mejèèje, ohun tí mo fi ojú mi rí ni mò ń sọ. Dókítà ẹran ọ̀sìn ní àmì tí òun rí jọ ti màlúù tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú, ó sì ní kí wọ́n fún un ní òróró mọ́sítáàdì. Wọ́n da òróró sí i títí ó fi ń kán. Eruku pápá lẹ̀ mọ́ òróró, ìbọn tó ń há lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ wá ń há lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbátan ọ̀gá ní kí wọ́n fi lọ́fínńdà òdòdó rósì fọ̀ ọ́. Ìbọn náà ń ta sánsán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ó sì ń há síbẹ̀. Agbowó orí ní ó lè jẹ́ pé sípíríǹgì rẹ̀ kò lágbára tó. Wọ́n wá èyí tó le jù ú lọ fi rọ́pò rẹ̀, irin òkè kò wá lè sún padà sẹ́yìn mọ́ rárá, títí wọ́n fi dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Nígbà tó yá, wọ́n pe Nazdana kó wá fi ìbọn tirẹ̀ yìn níwájú wọn. Ó yin mẹ́jọ, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde. Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé ìwà àfojúdi gbáà ni kí ìbọn ọmọ abẹ́ ṣiṣẹ́ ju ti ọ̀gá lọ. Wọ́n gba ọgbọ̀n ìbọn náà lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́pàá, wọ́n kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí Nazdana tó bínú, ọ̀sẹ̀ yẹn ni. Ó jókòó níbi tí ẹ jókòó sí yìí, ó ní òun ń ṣọ́ ọ̀nà òkè pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn olè ẹran mẹ́ta sì da ẹfọ̀n mẹ́rin kọjá níwájú òun ní ọ̀sán gangan. Wọn kò tilẹ̀ sáré. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó kí òun dáadáa, ó sì béèrè pé kí ló ṣe ìbọn àwọn ọlọ́pàá.

“Kí lo wá sọ fún un?” ni mo bi í.

“Mo ní ó wà ní ìgbìmọ̀.”

Kaka kò bínú, ṣùgbọ́n ó ń rù. Mo máa ń gbé tíì lọ fún un nínú àtìmọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá lójoojúmọ́, ìdajì ló ń padà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni lẹ́tà kan tí Sarbuland Khan ti kọ ránṣẹ́ sí Peshawar. Nínú lẹ́tà náà, ó ní gbogbo ìbọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni kò dára. Ó ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Badam Gul títí láé, kí wọ́n sì ra ìbọn òkè òkun fún òun.

“Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń rọ ìbọn,” ni Kaka sọ fún mi. “Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbọn Badam Gul ń há, ta ló máa pa á rẹ́ tí mo bá kú tán?”

Mo bù tíì kún ife rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún tí Kaka ti wà nínú àtìmọ́lé, ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Sálúbàtà rẹ̀ ti gbó, aṣọ ìborùn rẹ̀ sì ti ṣá. Ó jókòó sọ́dọ̀ mi, ó mu tíì méjì, ó bi mí lọ́rọ̀ nípa ẹfọ̀n, nípa ọ̀pá, nípa Kaka. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un torí pé àlejò ni mo pè é. Ó dúpẹ́, ó sọdá títì, ó wọ àgọ́. Kí n tó fọ ife rẹ̀ tán, mo gbọ́ tí wọ́n ń fọn fèrè ìkíni. Orakzai Sahib ni, ọ̀gá alábẹ̀wò láti Peshawar, tí lẹ́tà Sarbuland Khan fà wá.

Sarbuland Khan ti múra ọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́rìnlá sílẹ̀ láti fi kí i káàbọ̀. Orakzai Sahib gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á kà á nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n gbé ìbọn náà wá sí pápá. Ó ní kí wọ́n mú Badam Gul wá pẹ̀lú, kí wọ́n fún un ní àga. Gbogbo ìlú tún péjọ. Èmi pàápàá ti ṣọ́ọ̀bù.

Orakzai Sahib gbóòórùn ìbọn náà, ó yí ojú padà. Ó ní kí wọ́n bu kẹrosíìnì wá nínú abọ́. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó tú ìbọn náà fúnra rẹ̀, ó fọ mọ́sítáàdì, rósì àti eruku kúrò, ó nù ún, ó kán epo méjì sí i. Ó wá gbé páálí ọta kan sórí tábìlì.

“Ìbọn kan náà, ọta kan náà,” ló wí. “Ọwọ́ nìkan la máa pààrọ̀.”

Ó pe Nazdana. Nazdana fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó yin mẹ́jọ. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde, ìkòkò sì fọ́ láìsí ẹni tó ti í. Orakzai Sahib ní ó kan Sarbuland Khan.

Ọ̀gá jáde síwájú. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa baba ńlá rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan bó ti máa ń nà án, ó yìn, ọwọ́ náà fò sókè bí aṣọ lórí okùn, èèpo ọta sì dúró ṣánṣán sí ibi tó máa ń dúró sí. Wọ́n yọ ọ́. Ó tún yìn. Ó tún há. Janas ní oòrùn ló wọ̀ ọ́ lójú. Orakzai Sahib ní kò burú, kí àkọ̀wé náà gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo àánú Janas. Kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn lójú rẹ̀: ó fẹ́ kí ìbọn náà há. Ká ní ó há lọ́wọ́ òun náà, ìbọn ló jẹ̀bi nìyẹn, ọ̀gá yè bọ́. Bóyá ó tiẹ̀ ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á débi pé ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó bọ́ sínú kànga tó rí okùn. Ó di ojú, ó fà á. Ẹ̀rù tún bà á sí i, ó ń fà á lọ. Mẹ́jọ ló yìn láìdúró. Ọta mẹ́rin lu ògiri, mẹ́rin lu táńkì omi àgọ́, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì jáde láìhá rárá. Nígbà tó la ojú, omi ń tú yàà láti ihò mẹ́rin, ìbọn náà sì ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, ẹ̀gàn lásán ni. Ṣùgbọ́n Orakzai Sahib mú fáìlì kan jáde lábẹ́ aṣọ ìborùn rẹ̀. Ó ní ọdọọdún ni gbogbo ọlọ́pàá ní láti yin àádọ́ta ọta níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n tó lè gba ipò. Ó ní òun fúnra òun kò gbà ju mẹ́rìnlélógójì rí. Ṣùgbọ́n fáìlì sọ pé Sarbuland Khan gba àádọ́ta nínú àádọ́ta lọ́dọọdún fún ọdún méjìlélógún. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó rí i.

Sarbuland Khan rọra súnmọ́ Janas, ó sọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ohun tó gbàgbé ni pé ìró ìbọn mẹ́jọ ti di Janas létí. Adití kì í mọ bí ohùn òun ṣe pọ̀ tó. Janas dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì dé orí òkè:

“Kí n má sọ pé èmi ni mo ń kọ ọ́ ni, ọ̀gá?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. A ń gbọ́ bí omi táńkì ṣe ń dà.

“Ṣé o ti yìnbọn rí kí o tó dé Tor Kamar?” ni Orakzai Sahib bi Sarbuland Khan. Kò pariwo.

Sarbuland Khan wo bàtà rẹ̀.

“Rárá, sà,” ló wí.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, èyí ló kúrú jù, òun nìkan sì ni gbogbo wa gbàgbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kaka padà sílé. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó ọgbọ̀n ìbọn fún àwọn tó ni wọ́n, àwọn olè ẹran sì padà di ẹni tó ń sáré. Orakzai Sahib kọ ọ́ sínú ìwé níwájú wa pé ìbọn Badam Gul kò lálèébù, ó sì fún Kaka ní ẹ̀dà kan. Ní ti Sarbuland Khan, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún. Janas kò tíì mọ ìyà tó máa jẹ, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo rí i tó gbé ìgò òróró rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀gá adelé lẹ́yìn. Ọ̀gá adelé náà kò ní irunmú.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Sarbuland Khan lọ. Kò sí fèrè, kò sí ẹni tó sin ín. Mo rò pé tààrà ni yóò lọ síbi bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Kaka. Mo gbé tíì dání tẹ̀ lé e, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ìjà ló fẹ́ jà. (Òótọ́ ni pé mo tún fẹ́ gbọ́.)

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé, àpótí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú un padà, ó tún gbé e sílẹ̀.

“Kaka,” ló wí, a kò gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí, “níbi tí mò ń lọ yìí, wọ́n á ní kí n yìn lọ́jọ́ kìíní. Àwọn ọmọdé ló máa pọ̀ níbẹ̀.”

Kaka wò ó. Bí èmi ni, mo ti mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ọjọ́ méjìdínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n Kaka nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú ìbọn kan tó ń tún ṣe kúrò lórí tábìlì, ó ní kó máa bọ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí òkè ti ń gba ọta dúró. Ó fi ọwọ́ ọ̀gá wa àná mú ìdí ìbọn, ó gbé e gòkè dáadáa, ó mú ọwọ́ òsì wá bo ti ọ̀tún, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ tó ti le bíi gbòǹgbò bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

“Bí ẹ ṣe máa mú ọmọ kékeré lọ́wọ́ sọdá títì ni,” ló wí. “Ẹ má fún un débi tó máa ké. Ẹ má sì jẹ́ kó já gbà.”

Ó yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò. Sarbuland Khan yìn. Èèpo ọta fò lọ sọ́tùn-ún. Ó dúró, ó wo ìbọn náà bí ẹni pé ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu àjèjì. Ó yin èkejì, ó yin ẹ̀kẹta, ó yìn ín títí tó fi di mẹ́jọ. Kò kan ohunkóhun tó fojú sùn, ṣùgbọ́n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa èèpo ọta náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín òkúta, irunmú rẹ̀ ń gbálẹ̀, títí ó fi rí ẹ̀kẹjọ. Ó kó wọn sínú àpò, ó di ọwọ́ Kaka mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ṣinṣin, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí rẹ̀, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Èmi àti Kaka dúró títí eruku bọ́ọ̀sì fi rọlẹ̀. Mo ní ó yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ yẹn lè di nǹkan mú rárá.

“Ọwọ́ rẹ̀ kò burú,” ni Kaka wí. Ó gba ife tíì lọ́wọ́ mi. “Ọdún méjìlélógún, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un ni.”